Iṣẹ́ régúlétọ̀ amòòkùn yẹ ọmọ Ìsọlọ̀

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, epo bẹntiróòlù di ohun tí ojú ń wá ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti gbẹ́sẹ̀ lé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kálukú onímọ́tò sì ń wá ọgbọ́n dá. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Émile Gagnan, òṣìṣẹ́ Air Liquide ní Paris, ṣe irin kékeré kan tó ń wọn gáàsì sínú ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀nba tí ẹ́ńjìnnì bá béèrè, kí mọ́tò lè rìn láìsí epo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, Jacques Cousteau, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, wá bá Gagnan. Ó ń wá ohun tí yóò máa fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ lábẹ́ omi nígbà tí onítọ̀hún bá fà á, tí yóò sì dákẹ́ nígbà tí kò bá fà á. Irin mọ́tò yẹn ni Gagnan nawọ́ mú fún un.

Ní oṣù Kìíní 1943, wọ́n lọ dán an wò nínú odò Marne, nítòsí Paris. Nígbà tí Cousteau dúró ṣánṣán nínú omi, afẹ́fẹ́ ń tú jáde láìdáwọ́ dúró. Nígbà tó dorí kodò, agbára káká ló fi ń rí èémí fà. Ohun kan ṣoṣo ló fà á: ihò tí èémí ń gbà jáde jìnnà sí awọ rọ́bà tó ń ṣí fáàfù, omi sì ń tẹ ọ̀kan ju èkejì lọ. Wọ́n gbé méjèèjì súnmọ́ra, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún náà, Cousteau ti ń fi í mòòkùn létí òkun gúúsù ilẹ̀ Faransé.

Ará ẹ́sítéètì Ire-Àkárí ní Ìsọlọ̀, ní Èkó, tó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò mọ irú èèyàn tí Gagnan jẹ́. Kéèyàn kúrò ní ẹ́sítéètì náà, kó gba Ìlàsamàjà bọ́ sí títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Apápá, kò jìnnà sí Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú gíàbọ́ọ̀sì palẹ̀ nínú oòrùn, tí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe fúrídọ̀ọ̀mù ti lè fi etí lásán mọ fáàfù tó ń jò. Nínú Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn jórinjórin ń lo régúlétọ̀ ọ́síjìn lójoojúmọ́, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń ka géèjì, àwọn oníkọ́ńpírẹ́sọ̀ sì mọ ohun tí óríǹgì tó ti gbó lè fojú ẹni rí. Ọgbọ́n ọwọ́ ti wà nílẹ̀ pelemọ. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan so ọgbọ́n náà mọ́ omi.

Omi sì ni Èkó. Nínú kìlómítà 3,577 ní ìbú òun òró tí ìpínlẹ̀ náà ní, ó lé ní 780 tó jẹ́ ọ̀sà àti odò. Àwọn amòòkùn ń ṣiṣẹ́ nínú omi wọ̀nyí: àwọn ológun ojú omi, àwọn tó ń wo òpó afárá àti páìpù, àwọn tí wọ́n máa ń pè nígbà tí ọkọ̀ bá dànù. Ẹ̀mí wọn so mọ́ irin idẹ kan tí kò ju ìkúùkù lọ: régúlétọ̀, irú irin tí Gagnan ṣe fún Cousteau. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìtọ́jú àti àtúnṣe irin yìí di iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ìlànà ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, pẹ̀lú ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Ó sì yẹ kó jẹ́ pé orí àwọn régúlétọ̀ àtijọ́ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ti àtijọ́? Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ bí irin náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ régúlétọ̀ kò ṣàjèjì nílé ìdáná. Òun ló wà lórí sílíńdà gáàsì, tó ń tẹ agbára gáàsì lórí ba kí iná má baà fò sókè. Iṣẹ́ ti amòòkùn fara jọ ìyẹn, àmọ́ ẹrù tirẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Táyà mọ́tò kékeré kì í sábà ju nǹkan bí 32 PSI lọ; sílíńdà amòòkùn tó kún lè ní 3,000. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gbà á. Ìpele kìn-ín-ní régúlétọ̀, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu sílíńdà, ni yóò kọ́kọ́ fa agbára yẹn wálẹ̀ sí nǹkan bí 140 PSI ju ti omi tó yí i ká lọ. Ìpele kejì, tó wà lẹ́nu amòòkùn, ni yóò wá sọ ọ́ di èémí. Bí ẹni náà bá fa afẹ́fẹ́, awọ rọ́bà inú rẹ̀ á wọ inú, á tẹ apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, apá náà á ṣí fáàfù. Bó bá dákẹ́, fáàfù á padé. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá tí amòòkùn bá sọ̀ kalẹ̀, omi á gbé ìwọ̀n ìfúnpá kan tó tó ti ojú ilẹ̀ lé e lórí, régúlétọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa bá a lọ láìṣẹ́jú.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yìí kò tíì yí padà ní gbòǹgbò. Mistral tí La Spirotechnique gbé jáde ní 1955 àti DA Aqua-Master tí U.S. Divers gbé jáde ní 1958, tí àwọn méjèèjì ní túúbù rọ́bà nínípọn méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn wá sí ẹnu. Cyklon ti Poseidon, ọmọ Sweden, tó jáde ní 1958. Mk5 ti Scubapro, ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: àwọn èèyàn ṣì ń fi gbogbo wọn mòòkùn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní Britain, ẹgbẹ́ Historical Diving Society ti wà láti 1990 nítorí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ àti ìtàn wọn. Wọ́n pẹ́ láyé nítorí pé idẹ ni ara wọn, àti nítorí pé ẹni tó ṣe wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣeé tú. Rọ́bà ló ń kú lára wọn: awọ inú, óríǹgì, túúbù. Síbẹ̀, àwọn olùṣe kékeré ní Amẹ́ríkà ti ń fi sílíkónì ṣe awọ tuntun fún régúlétọ̀ àwọn ọdún 1950 àti 1960.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń sọ régúlétọ̀ di ewu, àìtọ́jú ni. Èyí tó ti wà láti 1970 tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, tó fọ̀, tó pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, tó sì fi géèjì dán wò, sàn fún ẹ̀mí ju èyí tuntun tí wọ́n ti lò nínú omi iyọ̀ fún ọdún mẹ́ta láìtú u wò rí. Kò sí bí ìta rẹ̀ ṣe lè dán tó tí ìyẹn máa yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe régúlétọ̀ ń ní kí wọ́n máa tú u wò lọ́dọọdún tàbí ní ọdún méjì-méjì, ìdí rẹ̀ sì lágbára.

Ìjà tó wà níbẹ̀ ni ti pátì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí kì í ta pátì àtúnṣe fún ẹni tí wọn kò bá fún ní àṣẹ, bí ọdún bá sì ti gorí ọdún, wọ́n á dáwọ́ ṣíṣe pátì ti àtijọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni idẹ tí kò ṣe nǹkan kan ṣe ń bọ́ sórí ààtàn. Wọn kò jẹ̀bi tán o. Ẹni tó bá dè é lódì lè pa èèyàn, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló sì wà lára rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn, ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ló ń wò ó sàn. Títì pátì mọ́lé kò wò ó sàn. Ní 2024, àjọ European Union ṣe òfin tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti rí ẹ̀rọ ilé wọn tún ṣe. Òfin náà kò kan régúlétọ̀ amòòkùn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti ń yí padà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí yẹ ọmọ Ìsọlọ̀, kó wo ìpele kìn-ín-ní kan tí wọ́n tú sórí tábìlì.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùtúnṣe ń wò ni asẹ́ kékeré tó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kò ju orí ọmọńdinrín ìka lọ, ṣùgbọ́n ó ń rojọ́. Bó bá ti ní àwọ̀ ewé, omi iyọ̀ ti wọ inú. Bó bá pọ́n, inú sílíńdà fúnra rẹ̀ ló ń dípẹtà. Bó bá dúdú, kọ́ńpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi kún sílíńdà náà ń pọ epo tàbí èédú jáde. Ẹni tó mọ asẹ́ kà ti mọ ìdajì iṣẹ́ kó tó tú nǹkan kan.

Sípáná tó bá a mu gẹ́lẹ́ ló fi ń tú u, kì í ṣe puláyà, nítorí eyín puláyà á bó kóróòmù, ibi tó sì bó yẹn ni iyọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ idẹ. Kì í fi ṣukudiráfà yọ óríǹgì. Ohun èlò ike tàbí idẹ tó rọ̀ ni wọ́n ń lò, kí wọ́n má baà họ ojú ibi tí óríǹgì jókòó sí. Ìlà kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ti tó fún 3,000 PSI láti wá ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di inú fíníígà funfun tí wọ́n bu omi là, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ìpẹtà aláwọ̀ ewé lè jábọ́. Àwọn àgbà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń fọ idẹ. Kíkan inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí kíkan bá pẹ́ lára kóróòmù, kóróòmù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi tó mọ́ ló kàn, kí gbogbo rẹ̀ sì gbẹ táútáú.

Ó wá kan síìtì, ike kékeré tí ẹnu fáàfù ń jókòó lé. Lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ibi tí irin ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá á hàn bí òrùka tó jìn wọnú. Bí òrùka náà bá jìn jù tàbí tó sán, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ kọjá nígbà tí fáàfù ti padé. Nǹkan tó yẹ kó dúró sí 140 á di 150, á di 170, títí ìpele kejì kò fi ní lè mú un mọ́ra mọ́, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ dànù. Olùtúnṣe á fi pátì tuntun sí i, á dè é padà, á so géèjì mọ́ ọn, á ṣí sílíńdà díẹ̀díẹ̀, á wá tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró gbọin. Èyí tó bá ń gòkè, bó ti wù kó rọra gòkè tó, wọ́n á tún un tú.

Ẹni tó ń tún kábúrétọ̀ ṣe lè ṣe gbogbo èyí. Àmọ́ níbí náà ni ọgbọ́n Ládípọ̀ nìkan kò ti tó, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ láìfi bò.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì Èkó gbà pé kò sí ohun tí gírísì kò lè yanjú. Gírísì mọ́tò kò gbọ́dọ̀ dé inú régúlétọ̀. Epo àti ọ́síjìn tó wà lábẹ́ ìfúnpá ńlá lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ìdí nìyí tí jórinjórin gidi kì í fi ọwọ́ olóróró kan régúlétọ̀ ọ́síjìn. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú sílíńdà, ewu iná dínkù, ṣùgbọ́n gírísì náà ń jẹ rọ́bà, amòòkùn á sì máa fa òórùn rẹ̀ sínú. Gírísì sílíkónì ni wọ́n ń lò, ìwọ̀nba tí yóò jẹ́ kí óríǹgì dán. Óríǹgì pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó wà níbi 3,000 PSI le ju èyí tó wà níbi 140 lọ. Bí wọ́n bá fi èyí tó rọ̀ sípò èyí tó le, ìfúnpá á tì í kúrò nínú ihò rẹ̀. Súpáglúù, rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù táyà, téèpù funfun àwọn onípáìpù: kò sí àyè fún ìkankan nínú wọn. Ọgbọ́n ká ṣe é kó ṣáà lè rìn, tó ti gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò délé láti ojú títì márosẹ̀, kò wúlò nínú iṣẹ́ yìí. Mọ́tò tó bá kú lọ́nà, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀mí ò ní sípéà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kún sílíńdà. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ fọkanáísà, tàbí ti àwọn tó ń fi ọ̀dà kun mọ́tò, kì í ṣe fún mímí. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá wọ inú rẹ̀, oró kábọ̀ọ̀nù mónósáìdì ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, oró kan náà tó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30, ìfúnpá ti di ìlọ́po mẹ́rin ti ojú ilẹ̀, oró tó sì kéré lókè á di ìlọ́po mẹ́rin lọ́hùn-ún.

Mítà 30 yẹn kì í ṣe àlọ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé níbi tó jìn tó nǹkan bí kìlómítà 30 sí etíkun Escravos, ó sì rì dé nǹkan bí mítà 30. Èèyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, bá ara rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí lókè omi, nínú òkùnkùn biribiri. Ó lo nǹkan bí 60 wákàtí níbẹ̀. Àwọn amòòkùn DCN Diving, ilé-iṣẹ́ ọmọ Netherlands, ni wọ́n rán lọ kó òkú. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó nà án mú bí ẹni tó ń mú ọwọ́ òkú, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú. Fídíò rẹ̀ yí gbogbo ayé po.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú ni àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Wọ́n ní láti gbé àṣíborí amòòkùn wọ alásè kan tí kò mòòkùn rí, kó máa fi mí, kí wọ́n fà á gba inú ọkọ̀ tó ti dojú dé já sí ìta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lé e lẹ́nu kò ní àǹfààní láti ṣe àṣìṣe. Bí síìtì kan bá ti jìn, bí awọ rọ́bà kan bá ti sán, a kì bá tí gbọ́ ìtàn ọkùnrin yẹn. Kò sì lè gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí nàítírójìn ti wọ ara rẹ̀ lábẹ́ ìfúnpá ìlọ́po mẹ́rin. Inú ìyẹ̀wù irin ni wọ́n fi í sí fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì, tí wọ́n ń dín ìfúnpá náà kù díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ló yè nínú àwọn méjìlá. Ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn lẹ́yìn náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ omi kò jìnnà sí Ire-Àkárí náà. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, nígbà tí àwọn àdó olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn èèyàn sá nínú òkùnkùn gba inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní apá Òkè-Àfà, wọn kò sì mọ̀ pé kánààlì wà níwájú, nítorí ewé omi ti bò ó lójú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, ni omi náà gbé. Ohun èlò amòòkùn kankan kò lè gbà wọ́n lóru yẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ pé ó lè gbà wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di dandan kí àwọn èèyàn wọ inú omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn lọ wá ọmọ ọlọ́mọ. Àdúgbò tó bá ti rí irú èyí mọ̀ pé amòòkùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti ilé-iṣẹ́ epo nìkan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2015 pẹ̀lú, helikóbítà Bristow já sínú ọ̀sà lẹ́bàá Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣọ́kí pẹ̀lú èèyàn méjìlá, mẹ́fà kú. Àwọn apẹja àdúgbò wà lára àwọn tó sáré débẹ̀.

Ẹni kan lè ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí wọ́n kúkú pín régúlétọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń mòòkùn nínú ọ̀sà, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ń wa iyanrìn. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Ẹ̀gùn láti apá Bàdágìrì àti orílẹ̀-èdè Benin, máa ń mú garawa, wọ́n á gba ara òpó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dúdú, wọ́n á sé èémí, wọ́n á bu iyanrìn, wọ́n á gòkè. Iyanrìn yẹn ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Èkó. Wọn kò ní ohun èlò kankan ju igbá àyà wọn lọ.

Kíkó régúlétọ̀ fún wọn láìkọ́ wọn lè burú ju kí wọ́n máa sé èémí lọ. Létí òkun Honduras àti Nicaragua, àwọn ọmọ ẹ̀yà Miskito tó ń mòòkùn wá edé ńlá gba sílíńdà àti régúlétọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, láìsí ẹ̀kọ́, láìsí ìtọ́jú ohun èlò, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ léraléra lójúmọ́. Àwọn ọkùnrin tó di arọ nínú wọn kò lóǹkà, àwọn mìíràn kú. Ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (Inter-American Court of Human Rights) dá ẹjọ́ àwọn 42 nínú wọn ní 2021, ìjọba Honduras sì gbà pé òun jẹ̀bi. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé régúlétọ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ amòòkùn, àti ìyẹ̀wù irin tó ń dín ìfúnpá kù gbọ́dọ̀ jọ dé pọ̀ ni. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣáájú èkejì wọ ọ̀sà.

Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ fi ṣe pàtàkì ju rírà lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Lagos State Polytechnic tẹ́lẹ̀, tó di yunifásítì LASUSTECH ní 2022, Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1970. LASTVEB ló ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀ náà. LASWA ló ń bójú tó ojú omi láti 2008. Kò sí ohun tó ní kí àwọn mẹ́ta yìí má jọ jókòó. Ẹ̀ka kékeré kan tó ń gba àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti parí lábẹ́ jórinjórin, àwọn oníkọ́ńpírẹ́sọ̀ tàbí àwọn oní-kábúrétọ̀, tó sì ń kọ́ wọn ní régúlétọ̀ fún oṣù díẹ̀, kò nílò ilé alájà.

Níbẹ̀ ni àwọn ti àtijọ́ ti wúlò jù. Àwọn tó ń tako ọ̀rọ̀ yìí á ní kò yẹ kí amòòkùn LASEMA, àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí ti ológun máa fi irin ọdún 1970 wọ omi, òótọ́ sì ni. Ohun tuntun tí pátì rẹ̀ wà lọ́jà ló yẹ wọ́n. Àmọ́ orí ti àtijọ́ ni ọwọ́ ti ń mọ̀ ọ́n. Régúlétọ̀ onípísítìnì tó rọrùn jù, ohun kan ṣoṣo ló ń rìn nínú ìpele kìn-ín-ní rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú u lẹ́ẹ̀kan ti lóye ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún. Bó bá bà á jẹ́, idẹ tí wọ́n fẹ́ dànù tẹ́lẹ̀ ló bà jẹ́. Ẹni tó bá sì tún un ṣe dáadáa lè rí owó nídìí rẹ̀, torí àwọn tó ń kó régúlétọ̀ onítúúbù méjì jọ ní òkè òkun ń san owó gidi lórí èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Ọjà tókunbọ̀ kò tíì fi ojú sí i, ó sì yẹ kó fojú sí i.

Àyẹ̀wò ni kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú nínú rẹ̀. Régúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí wọ́n tú u, pátì tí wọ́n pààrọ̀, iye PSI tí abẹ́rẹ́ dúró sí, orúkọ ẹni tó ṣe é. Àjọ SON, tó ń bójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, lè yan ẹni tí yóò máa mú ọ̀kan ṣàdédé nínú wọn, kó tún un wò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kùnà, kí wọ́n gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀.

Ní ti ohun èlò, géèjì àti kọ́ńpírẹ́sọ̀ tó ń pọ afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni yóò ná ìjọba lówó. Èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ìpele kejì ṣe rọrùn tó láti mí sí, kò wọ́n rárá: túúbù ike tó mọ́ gaara tí wọ́n tẹ̀ bí lẹ́tà U, omi díẹ̀ nínú rẹ̀, rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rọra fa afẹ́fẹ́, fáàfù tó dára á ṣí nígbà tí omi bá yẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì kan sí ọ̀kan àbọ̀. Ọmọ iṣẹ́ lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ ní Ire-Àkárí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tó bá ti lè mú ìpele kejì kan dúró sí ibi tó yẹ, tí ìpele kìn-ín-ní rẹ̀ sì dúró gbọin lórí géèjì, kí wọ́n gbé èyí tí LASEMA ń lò fún un, kó tú u lójú ọ̀gá rẹ̀, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.